Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Fífi Eré Kún Eré Kọ̀ǹpútà Láìjẹ́ Kó Gbóná Bàjẹ́

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ la fẹ́ bá yín sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kò kan òun, nítorí ọ̀rọ̀ owó ló bí i.

Àwọn tó ń fi owó ẹ̀yáwó ra kọ̀ǹpútà ń pọ̀ sí i láàárín wa. Àwọn kan fi ń tẹ̀wé, wọ́n fi ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé wo èsì ìdánwò. Àwọn mìíràn fi ń ṣe àtúntò fọ́tò àti fídíò ìgbéyàwó àti ti òkú ṣíṣe. Láti 2015 tí JAMB ti sọ ìdánwò rẹ̀ di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá, kò sí òbí tí kò mọ̀ pé ẹ̀rọ yìí ti kúrò ní ohun ìṣeré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ tòkunbọ̀: a rà á ní Computer Village ní Ikeja, tàbí kí ẹbí wa kan tó wà ní Abidjan fi ránṣẹ́. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ẹni tó ni ín á ní ẹ̀rọ òun ń falẹ̀. Ọ̀dọ́ kan á sì wá wí fún un pé, "Ẹ jẹ́ n bá yín tún un tò kó lè yára, ẹ ò ní ná kọ́bọ̀."

Ohun tí ọ̀dọ́ yẹn fẹ́ ṣe ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní overclocking. Òótọ́ ni pé ó ṣeé ṣe. Òótọ́ sì ni pé ó lè ba ẹ̀rọ jẹ́, kí ẹ̀rọ kú, kí gbèsè ẹ̀yáwó ṣì wà láàyè lọ́rùn ẹni tó yá a àti lọ́rùn àwọn onídùúró rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

1. KÍ NI À Ń PÈ NÍ ERÉ KỌ̀ǸPÚTÀ?

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni pẹlẹbẹ kékeré kan tó ń jẹ́ prósẹ́sọ̀. Inú rẹ̀ ni gbogbo ìṣirò ti ń wáyé. Aago kan wà tó ń lù ú bí ìlù. Bí ìlù yìí bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀yà inú prósẹ́sọ̀ á gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ 3.6 GHz sára ẹ̀rọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìlù náà ń dún ní ìgbà 3,600,000,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Overclocking kò ju pé kí a sọ fún onílù kó yára lù ju bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ti fi lélẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti jó lójú agbo mọ̀ ọ́n. Bí onílù bá yára díẹ̀, àwọn oníjó á bá a lọ. Bó bá wá yára jù, ẹnì kan á ṣi ẹsẹ̀ gbé, agbo á dàrú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú prósẹ́sọ̀. Iná tó ń ti ibì kan bọ̀ gbọ́dọ̀ ti dé ibi tó ń lọ kí ìlù kejì tó dún. Bí kò bá tíì dé, ìṣirò á ṣì. Nígbà náà kọ̀ǹpútà lè kú lójijì, tàbí kí ojú rẹ̀ di búlúù. Èyí tó burú jù ni pé ó lè ṣe àṣìṣe tí kò pariwo, tí ẹnikẹ́ni ò ní tètè mọ̀. Ẹ rò ó wò, kí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ wọ inú ìwé owó àjọ!

Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà PC àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1981, eré rẹ̀ kò ju 4.77 MHz lọ. Lẹ́yìn náà, ní 1998, Intel ta prósẹ́sọ̀ kan tó ń jẹ́ Celeron 300A. Eré 300 MHz ni wọ́n fi tà á. Àwọn ènìyàn rí i pé bí wọ́n bá yí ìlù mọ́dàbọ́ọ̀dù láti 66 MHz sí 100 MHz, prósẹ́sọ̀ náà á sáré dé 450 MHz, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ṣubú. Ìdajì eré lórí eré, lọ́fẹ̀ẹ́! Láti ìgbà yẹn ni òkìkí overclocking ti kàn káàkiri.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Àwọn tó ń ṣe prósẹ́sọ̀ lóde òní ti gbọ́n. Àwọn fúnra wọn ti ṣètò rẹ̀ kó máa sáré súnmọ́ òpin agbára rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, kó sì rọra nígbà tí iṣẹ́ bá dín. Èrè tó ṣẹ́kù fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ yí i kò pọ̀ mọ́.

2. IBI TÍ OORU TI Ń WÁ

Ẹ̀yin tó ní ẹ̀rọ ìlọta, ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá fa iná ẹ̀rọ sókè, ata á tètè kúnná, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á gbóná, á sì mu epo. Prósẹ́sọ̀ kò yàtọ̀. Bí eré rẹ̀ bá ti pọ̀ ni ooru rẹ̀ ń pọ̀. Kò wá tán síbẹ̀ o. Kí eré tuntun yìí tó lè dúró ṣinṣin, a sábà máa ń ní láti fi fóltéèjì kún un. Fóltéèjì yìí ló ń dá kún ooru jù, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wọ inú ìṣirò.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò oníṣòwò wò ó. Ká sọ pé prósẹ́sọ̀ kan ń jẹ iná 65 wáàtì nígbà tó ń sáré 3.6 GHz pẹ̀lú 1.20 fólítì. A wá gbé e dé 4.2 GHz, a sì fún un ní 1.35 fólítì kó má bàa ṣubú.

Eré: bí a bá fi 3.6 pín 4.2, ó jẹ́ 1.167.
Fóltéèjì: bí a bá fi 1.20 pín 1.35, ó jẹ́ 1.125. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó di 1.266.
Àpapọ̀: 1.167 lọ́nà 1.266 jẹ́ nǹkan bíi 1.48.

Ìyẹn ni pé 65 wáàtì ti di nǹkan bíi 96 wáàtì. Eré fi 17 lé lórí ọgọ́rùn-ún, ooru fi 48 lé lórí ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin oníṣòwò, ọjà tí ìnáwó rẹ̀ ń sáré ju èrè rẹ̀ lọ, ẹ mọ bí a ṣe ń wò ó kí a tó dáwó lé e. Ẹ sì rántí pé iná yìí náà ni jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì ínfátà yín máa gbé.

3. OORU MASIFA YÀTỌ̀ SÍ OORU ÌLÚ ÒYÌNBÓ

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń ṣì í. Ẹni tó ń kọ́ni ní overclocking láti ìlú òyìnbó jókòó nínú yàrá tí otútù ti mú. Kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù onípáànù létí ọ̀nà ló wà.

Irin onípele-pele tí wọ́n ń pè ní heatsink, pẹ̀lú fáànù orí rẹ̀, kò lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lé ooru jáde sínú afẹ́fẹ́ náà. Ká sọ pé heatsink kan ń jẹ́ kí prósẹ́sọ̀ gbóná ju yàrá lọ ní ìwọ̀n 45. Nínú yàrá tó jẹ́ 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius, prósẹ́sọ̀ á wà ní 67. Nínú ṣọ́ọ̀bù wa tó jẹ́ 36 lọ́sàn-án nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á wà ní 81. Méjèèjì ṣì dára.

Wàyí o, ẹ fi ooru 48 lórí ọgọ́rùn-ún tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan kún un. 45 ti di nǹkan bíi 66. Ti òyìnbó á jẹ́ 88, ó gbóná ṣùgbọ́n á rọ́jú. Tiwa á jẹ́ 102. Ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ Intel ló ní òpin ní 100, ọ̀pọ̀ AMD Ryzen sì ní òpin ní 95. Bó bá ti débẹ̀, á fa ara rẹ̀ sẹ́yìn, á máa rìn bí ìgbín kó má bàa jóná. Bí kò bá rí i fà sẹ́yìn tó, á pa ara rẹ̀. Eré tí a wá kiri ti sọnù nìyẹn, ooru nìkan ló kù lọ́wọ́.

Ẹ wá fi eruku kún un. Ọyẹ́ a máa gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ọ̀nà pupa wa náà a sì máa fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ á lọ jókòó sáàárín àwọn pele heatsink, afẹ́fẹ́ ò ní rí ọ̀nà kọjá. Kọ̀ǹpútà tí kò tíì rí ìtọ́jú láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá lè ti máa gbóná jù kí ẹnikẹ́ni tó fi ohunkóhun kún eré rẹ̀.

4. KÍ A TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN

Èkíní, ẹ wádìí bóyá ẹ̀rọ yín gbà á. Nínú prósẹ́sọ̀ Intel, èyí tí lẹ́tà K wà ní ìparí orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣí sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, ó sì ń fẹ́ mọ́dàbọ́ọ̀dù onílẹ́tà Z. AMD Ryzen, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ṣí sílẹ̀, bí mọ́dàbọ́ọ̀dù bá ti jẹ́ ti B tàbí ti X. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí ilé-iṣẹ́ òkè òkun lò nínú ọ́fíìsì, irú bíi Dell OptiPlex, tì pa ni. Ẹni tó bá ní òun á bá yín ṣí i, ẹ bi í léèrè dáadáa kí ẹ tó fún un lówó.

Èkejì, ẹ fọ eruku. Ẹ yọ iná kúrò lára ẹ̀rọ, ẹ gbé e síta, ẹ fi ọwọ́ mú fáànù kó má yí, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti afẹ́fẹ́ lé eruku jáde.

Ẹ̀kẹta, ẹ pààrọ̀ ìpara tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti heatsink, èyí tí àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe ń pè ní thermal paste. Èyí tó ti gbó máa ń gbẹ, ooru ò sì ní kọjá dáadáa mọ́. Díẹ̀ tó bí ẹ̀wà kan ti tó. Kì í ṣe àdín, kí ẹnikẹ́ni má fi kún ojú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo páwà inú ẹ̀rọ àti iná tó ń wọlé. Iná ìjọba wa a máa lọ sókè sódò. Ẹ̀rọ tí kò ní sítébúláísà tàbí UPS kò yẹ lẹ́ni tí à ń fi eré kún.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ yín sí ibòmíràn. Ẹni tó ń gun ọ̀pẹ kì í kó gbogbo owó rẹ̀ sápò.

5. BÍ A ṢE Ń ṢE É FÚN ẸNI TÓ BÁ GBỌ́DỌ̀ ṢE É

A. Ẹ mú ìwé kan àti bírò. Ẹ fi ètò ọ̀fẹ́ bíi HWiNFO wo bí prósẹ́sọ̀ ṣe gbóná tó nígbà tí kò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ fi Prime95 tàbí OCCT lò ó ní àlòpa fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì kọ ooru rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ ṣe é, kì í ṣe òwúrọ̀ kùtùkùtù. Bó bá ti ń kọjá 85 láìtíì fi eré kankan kún un, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn: ẹ lọ tún ìtutù rẹ̀ ṣe ná.

B. Ẹ wọ inú BIOS. Ẹ fi ẹyọ kan péré kún nọ́ńbà tó ń sọ eré di púpọ̀. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹyọ kan jẹ́ 100 MHz. Ẹ má tíì fọwọ́ kan fóltéèjì.

D. Ẹ tún dán an wò ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ kọ eré, fóltéèjì àti ooru sílẹ̀ lórí ìlà kan. Bó bá dúró, ẹ tún fi ẹyọ kan kún un. Ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó fò ó ní mẹ́rin kò ní mọ èyí tó gbé e ṣubú.

E. Níbi tó bá ti ṣubú, ẹ padà sẹ́yìn ní ẹyọ kan tàbí méjì, kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi fóltéèjì kún un, kó má kọjá 0.01 tàbí 0.02 lẹ́ẹ̀kan, kó sì máa wo ooru. Nílẹ̀ wa níbí, a gbà yín níyànjú pé kí ẹ dúró sí ibi tí fóltéèjì àtilẹ̀wá bá gbé e dé.

Ẹ. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò tàn mọ́, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ yọ iná kúrò lára rẹ̀ pátápátá, ẹ yọ bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tó wà lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ sì dá a padà. BIOS á gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ yí, ẹ̀rọ á padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é.

F. Níkẹyìn, ẹ dán an wò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, lẹ́yìn náà kí ẹ lò ó fún iṣẹ́ tí kò ṣe kókó fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Kó má tíì kan ìwé owó ẹnikẹ́ni.

6. ẸJỌ́ KAN TÓ YẸ KÍ A FI KỌ́GBỌ́N

Kí ẹnì kan má sọ pé, "Fóltéèjì díẹ̀ kín ni yóò ṣe?" Ní 2024, àwọn tó ra prósẹ́sọ̀ Intel Core ti ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ẹ̀rọ àwọn ń ṣubú láìnídìí. Nígbà tí Intel yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kéde ní oṣù Keje ọdún náà pé fóltéèjì tó ga jù ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n gbé àtúnṣe jáde ní oṣù Kẹjọ, wọ́n sì fi ọdún méjì kún àdéhùn ìdánilójú fún àwọn tó rà á. Ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kò lè wo prósẹ́sọ̀ tó ti bàjẹ́ sàn.

Ẹ kíyè sí i: ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ni èyí ṣẹlẹ̀ sí, pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ rẹ̀. Àwọn tó rà á rí ẹni dì mú. Àwa tí a ra tòkunbọ̀, tí a wá fọwọ́ ara wa yí fóltéèjì rẹ̀, ta ni a ó dì mú? Bó bá tilẹ̀ jẹ́ tuntun, àdéhùn ìdánilójú Intel àti AMD kò gba ìbàjẹ́ tí overclocking bá fà.

7. ỌNÀ TÓ SÀN FÚN ÒWÒ WA

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè: ṣé prósẹ́sọ̀ ló ń fà á tí ẹ̀rọ fi ń falẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, òun kọ́. Bí ọjà bá ń pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ẹni tó ń tà á ló lẹ́ṣẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ ni. Dísìkì àtijọ́ tó ń yí bí àwo ni ọkọ̀ yẹn. Ìwọ̀n 100 sí 150 mẹ́gábáìtì ló sábà ń gbé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD tí kò yí, irú SATA, a máa gbé nǹkan bíi 500. Ẹni tó bá pààrọ̀ dísìkì rẹ̀ sí SSD, tó sì fi RAM kún un láti 4 sí 8 gígábáìtì, á rí ìyàtọ̀ nínú iṣẹ́ ìtẹ̀wé ju ẹni tó fi 17 lórí ọgọ́rùn-ún kún eré prósẹ́sọ̀ lọ. Ooru ò sì ní pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni òdìkejì overclocking: kí a rọra dín fóltéèjì kù láìdín eré kù. Ìṣirò tí a ṣe lókè náà ló ń ṣiṣẹ́ padà síbí. Bí 1.20 fólítì bá di 1.10, tí eré ò yí, ooru á dín ní nǹkan bíi 16 lórí ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ á tutù, bátìrì ínfátà á pẹ́. Bákan náà la ṣe ń dán an wò, ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, nítorí fóltéèjì tó kéré jù náà lè mú un ṣubú. Ó ṣubú ni o, kò jóná.

Ìwọ̀nba ẹni tí overclocking lè wúlò fún láàárín wa ni àwọn tó ń ṣe fídíò, tí ẹ̀rọ wọn ń lo gbogbo agbára rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, tí wọ́n ní heatsink ńlá, yàrá tó tutù àti iná tó dúró. Fún àwọn yẹn, wákàtí mẹ́fà lè di márùn-ún àti díẹ̀. Kí wọ́n ṣírò rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é.

8. ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÓ FẸ́ YÁWÓ ÀTI FÚN ONÍDÙÚRÓ

Ẹni tó ń tọrọ ẹ̀yáwó kọ̀ǹpútà, kó kọ iye SSD, RAM àti sítébúláísà mọ́ ìwé ìbéèrè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó má ra prósẹ́sọ̀ tí kò tó iṣẹ́ rẹ̀, kó wá máa nà án bí ẹṣin. Ẹni tó ń ṣe onídùúró, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bóyá wọ́n ti yí eré ẹ̀rọ náà. Ẹni tó sì ń ra tòkunbọ̀, kó wọ BIOS kó rí i pé ohun gbogbo wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe fi í lélẹ̀, kó tó sanwó.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé:

1. Kí ló dé tí ooru fi ń pọ̀ ju eré lọ nígbà tí a bá fi fóltéèjì kún un?
2. Prósẹ́sọ̀ kan wà ní 70 nínú yàrá tó jẹ́ 25. Kí ni yóò jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ 37? Ṣé àyè ṣì wà láti fi eré kún un?
3. Nínú wa, ta ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò tíì rí búrọ́ọ̀ṣì láti ìgbà ọyẹ́?

Kí ẹni tó bá mọ ìdáhùn ìkẹta múra kó tó di ọjọ́ ìpàdé. Ajé á wọlé, ẹ̀rọ ò ní jóná mọ́ wa lọ́wọ́. Ire o.